Ẹ Bi Bàbá Ọdẹ: Ọ̀nà Wo Ni Kí N Gbà Tọ́ Ojú Ìbọn Mi?

Lẹ́tà tó dé ọwọ́ mi lóṣù yìí lórí títọ́ ojú ìbọn, ìyẹn mímú kí ọta máa bọ́ sí ibi tí a fojú sùn, pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, mo sì ti kó wọn jọ kí n lè dá wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó gbé ọ̀rọ̀ jù ni mo fi ṣíwájú.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ráífù kan ni, .308 Winchester oní-bóòtù (irin tí a ń fi ọwọ́ fà sẹ́yìn láti ki ọta), pẹ̀lú awò tó ń fa nǹkan súnmọ́ ojú láti ìlọ́po 3 dé 9. Ẹni tó tà á fún mi ní òun ti fi iná lésà tọ́ ojú rẹ̀, pé kí n kàn gbé e wọ igbó. Ọ̀rẹ́ mi kan ní irọ́ ni, pé yáàdì 25 ni kí n ti ta á wò. Ẹlòmíràn ní bí kò bá ti jẹ́ yáàdì 100, mo kàn ń fi ọta ṣòfò ni. Páálí ọta méjì péré ni mo ní, ogójì ọta lápapọ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn? — Ọdẹ Tuntun

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o káre tí o béèrè kí o tó wọ igbó. Gbogbo wọn ló sọ òótọ́ díẹ̀, àfi ẹni tó ní kí o máa gbé e wọ igbó.

Lésà kì í parí iṣẹ́ yìí. Ohun tó ń ṣe kò ju pé ó ń mú kí ọ̀pá ìbọn àti awò kọjú sí apá ibì kan náà, kí ọta àkọ́kọ́ má baà ṣi bébà pátápátá. Ìbọn tí wọ́n fi lésà nìkan tọ́ lè fi íǹṣì 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣi àmì ní yáàdì 100, tí ẹni tó tà á kò sì ní mọ̀. Bẹ́ẹ̀, ibi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró àgbọ̀nrín wà kò fẹ̀ ju nǹkan bí íǹṣì 8 lọ. Bí íǹṣì 6 bá ti yẹ̀ lára ìyẹn, ikùn tàbí itan ni ọta máa wọ̀. Ẹran náà á sá lọ, kò ní kú lójú ẹsẹ̀, ìwọ náà kò sì ní rí i. Mi ò lè fojú kéré èyí rárá. Ẹran tí a bá fẹ́ pa, ẹ̀tọ́ rẹ̀ lára wa ni pé kí ó kú lẹ́ẹ̀kan, láìjoró.

Nítorí náà, má wulẹ̀ mú ọ̀kan kí o ju ìyókù nù. Àtẹ̀gùn ni wọ́n: kí ihò ìbọn àti awò kọ́kọ́ kọjú sí ibì kan náà, kí o ta á ní yáàdì 25, kí o wá parí rẹ̀ ní yáàdì 100. Ibi tí yíyàn wà gan-an ni ọ̀nà tí wàá gbà ṣe ìpele kọ̀ọ̀kan.

Kí o tó ṣe ohunkóhun, yẹ àwọn súkúrù tó de awò mọ́ ara ìbọn wò. Ọ̀pọ̀ ìbọn tí wọ́n ń gbé wá sí ìdí tábìlì mi pé "awò rẹ̀ ti bàjẹ́" kò ní ìṣòro kankan ju pé súkúrù kan ti dẹ̀. Awò tó ń mì kò ṣeé tọ́. O lè ta páálí méjèèjì tán, ihò á kàn máa rìn káàkiri orí bébà ni.

Níwọ̀n bí ìbọn rẹ ti jẹ́ oní-bóòtù, o kò nílò lésà ẹnikẹ́ni. Rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀, yọ bóòtù kúrò, kí o gbé ìbọn lé àpò iyanrìn méjì, ọ̀kan lábẹ́ igi iwájú, ọ̀kan lábẹ́ ìdí. Gbé bébà kan tó ní àmì dúdú roboto láàárín síwájú ní yáàdì 25. Wá bẹ̀rẹ̀, kí o fi ojú kan wo inú ọ̀pá láti ẹ̀yìn. Wàá rí ìlà tó ń lọ́ yí ihò náà ká, wàá sì rí ìmọ́lẹ̀ roboto ní ìpẹ̀kun, bébà rẹ á wà nínú rẹ̀ bíńtín. Máa fi ọwọ́ ti àpò iyanrìn díẹ̀díẹ̀ títí àmì dúdú náà fi dúró ní àárín ìmọ́lẹ̀ yẹn gẹ́lẹ́, kí àyè funfun tó yí i ká dọ́gba lápá ọ̀tún, òsì, òkè àti ìsàlẹ̀. Mú ọwọ́ kúrò. Má mí sí i lára pàápàá. Gbé ojú sókè sínú awò, wo ibi tí àgbélébùú inú rẹ̀ wà, kí o sì yí àwọn bọ́tìnnì awò títí àgbélébùú fi gun orí àmì kan náà. Tún bẹ̀rẹ̀, wo inú ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ìbọn sábà máa ń yẹ̀ nígbà tí a bá ń yí bọ́tìnnì.

Ohun kan máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú níbí. Ọfà tó wà lára bọ́tìnnì ń sọ ibi tí ọta máa lọ, kì í ṣe ibi tí àgbélébùú máa lọ. Bí o bá yí i síhà òkè, àgbélébùú inú awò á máa sọ̀kalẹ̀ lójú rẹ. Bí o bá yí i sí ọ̀tún, á máa lọ sí òsì. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Nígbà tí o bá ń fojú wo ihò, ojú rẹ ni kí o gbọ́ràn sí: bí àgbélébùú bá ń jìnnà sí àmì, yí i padà.

Àwọn tí ìbọn wọn kò ṣeé wò láti ẹ̀yìn, bí àwọn tó ń fi ọwọ́ fa irin lábẹ́ tàbí èyí tó ń kó ọta fúnra rẹ̀, àwọn ni lésà wúlò fún. Bí o bá yá a lò, kọ́kọ́ yí i po lẹ́nu ọ̀pá kí o wo bí ààmì pupa rẹ̀ ṣe ń ṣe. Bí ó bá ń ya òbírí lára ògiri dípò kí ó dúró lójú kan, lésà náà fúnra rẹ̀ kò gún, àárín òbírí yẹn ni kí o fojú sùn. Nínú oòrùn ọ̀sán gangan, kò ní pẹ́ tí o kò fi ní rí i mọ́. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: yọ ọ́ kúrò kí o tó ki ọta. Bí a bá yin ìbọn tí nǹkan dí ẹnu rẹ̀, ọ̀pá lè bẹ́, ojú àti ọwọ́ lè lọ síbẹ̀.

Wàyí o, ọta àkọ́kọ́. Yáàdì 25, ọ̀rẹ́ rẹ gbà á. Ẹyọ kan péré ni kí o ta, nítorí kò sí ohun tí ihò mẹ́ta máa sọ fún ọ níbẹ̀ tí ẹyọ kan kò ní sọ. Wọ ohun ìdáàbòbò etí àti ti ojú, kí ebè amọ̀ tó ga tó sì nípọn wà lẹ́yìn bébà. Lẹ́yìn náà, wọn ibi tí ihò wà sí àárín. Ọ̀pọ̀ awò ọdẹ ni kílíìkì kan rẹ̀, ìyẹn ìró kẹ́ kan tí bọ́tìnnì bá dún, ń sún ọta ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì ní yáàdì 100. Ní yáàdì 25, ìdá kan nínú mẹ́rin ìyẹn péré ló ń sún un. Fún ìdí èyí, íǹṣì kan ní yáàdì 100 jẹ́ kílíìkì 4, ṣùgbọ́n ní yáàdì 25 ó jẹ́ kílíìkì 16. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, á yí i lẹ́ẹ̀mẹ́rin, á ta á, á rí i pé ọta fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan, á sì sọ pé awò kò dáa. Bí tìrẹ bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi mítà ṣe, tí wọ́n kọ 0.1 mil sí lára, kílíìkì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan ní mítà 100.

Àwọn kan máa ń dúró síbẹ̀ yẹn. Wọ́n ní bí ọta bá ti bọ́ sí àárín ní yáàdì 25, á tún bọ́ sí àárín ní ọ̀nà jíjìn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọta máa ń gòkè kọjá ibi tí ojú ń wò kí ó tó tún sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n "fẹ́rẹ̀ẹ́" yẹn ni ewu wà. Àṣìṣe ìdajì íǹṣì ní yáàdì 25, èyí tí ojú lásán lè gbójú fò, ti di íǹṣì 2 ní yáàdì 100, ó sì ti di 4 ní yáàdì 200. Má dúró síbẹ̀.

Ní yáàdì 100, ọ̀nà méjì ló wà, mo sì ní èyí tí mo fẹ́ràn jù. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ni pé kí o ta ọta mẹ́ta, kí o wá àárín àwọn ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí o wọn bó ṣe jìnnà sí àmì, kí o sì ka kílíìkì. Ó dára, ẹni tó dá wà lè dá a ṣe.

Èyí tí èmi fẹ́ràn gba ènìyàn méjì. Ta ẹyọ kan, pẹ̀lú sùúrù, sí àárín àmì. Ṣí bóòtù, kí ó ṣófo, kí ẹni kejì rẹ fojú ara rẹ̀ rí i pé ó ṣófo. Wá gbé àgbélébùú padà sí àárín àmì tí o fojú sùn nígbà tí o ta á, kì í ṣe sí ojú ihò, kí o sì fi àpò iyanrìn de ìbọn mọ́lẹ̀ kí ó má mira. Ìwọ á máa wo inú awò, ẹni kejì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kì í ṣe níwájú, á máa yí bọ́tìnnì díẹ̀díẹ̀, ìwọ á sì máa pàṣẹ: "Ó ń bọ̀. Ó ń bọ̀. Díẹ̀ sí i. Dúró." Ká ní ihò rẹ wà nísàlẹ̀ lápá òsì. Á yí i síhà òkè, àgbélébùú á máa sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí àmì dúdú, á kọjá sórí funfun bébà. Á yí i sí ọ̀tún, á máa lọ sí òsì títí ìlà méjèèjì fi pàdé lórí ihò náà. Ó parí. Awò ti ń wo ibi tí ọta ń lọ, ẹnikẹ́ni kò ka kílíìkì, kò sì sí ìṣirò tí a lè ṣì. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn fún ẹni tí ọta rẹ̀ kò pọ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé ẹyọ ọta kan ló gbára lé. Bí o bá fa ìbọn lódì lọ́jọ́ náà, irọ́ ni ọta yẹn pa, o sì ti tọ́ ojú ìbọn rẹ sórí irọ́. Bí o bá mọ̀ pé ọwọ́ rẹ yẹ̀ nígbà tí ìbọn dún, fi ihò yẹn sílẹ̀, ta òmíràn. Bí àpò iyanrìn kò bá sì lè di ìbọn mú ṣinṣin, padà sí ọ̀nà ọta mẹ́ta àti kíka kílíìkì. Èyí ó wù kí o lò, ọta mẹ́ta ló máa jẹ́rìí sí i lẹ́yìn náà. Mẹ́ta tó ṣù jọ ni mo fẹ́, kì í ṣe mẹ́ta tí ọ̀kan bọ́ sí àárín, tí méjì sì wà níta. Má máa lé ihò kọ̀ọ̀kan kiri pẹ̀lú bọ́tìnnì. Àárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí o máa gbé.

Fi ọ̀pá ìbọn sílẹ̀ kí ó tutù. Ọ̀pá ráífù ọdẹ tín-ín-rín, ó sì máa ń gbóná kíá. Tí ó bá gbóná jù, ihò lè bẹ̀rẹ̀ sí fọ́n ká tàbí kí wọ́n máa gòkè. Ta mẹ́ta, ṣí bóòtù, gbé e sí ibòji, lọ jókòó. Nínú igbó, ọta tó ṣe kókó ni èyí tí o ta nígbà tí ọ̀pá tutù, nítorí náà òun ni kí o tọ́ ojú ìbọn sí. Àpò iyanrìn kò sì gbọdọ̀ kan ọ̀pá. Abẹ́ igi iwájú ni ipò rẹ̀. Bí o bá gbé ọ̀pá lé ohun líle, ọta kò ní lọ sí ibi tó ń lọ tẹ́lẹ̀.

Tí o bá ṣe é báyìí, ọta bí mẹ́wàá tàbí méjìlá ti tó nínú ogójì rẹ. Fi díẹ̀ pa mọ́ fún igbó. Èyí tó kù, kúrò nídìí tábìlì kí o fi wọ́n kọ́ bí a ṣe ń ta á ní ìkúnlẹ̀ àti ní ìjókòó, torí àpò iyanrìn kò ní bá ọ wọ igbó.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Ọdẹ, mo kí yín o. Wọ́n sọ fún mi pé kí n jẹ́ kí ọta máa bọ́ sí íǹṣì 2 lókè àmì ní yáàdì 100. Ó rú mi lójú. Ṣé kì í ṣe àárín gan-an ló yẹ kó máa bọ́ sí? — Obìnrin Ọdẹ

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ìyá mi. Ibi tí ẹ ti ń dọdẹ ló máa sọ èyí tó tọ́ fún yín.

Ọta kì í rìn ní ìlà gbọọrọ. Bó ti ń jáde ló ti ń sọ̀kalẹ̀, nítorí náà a máa ń gbé ẹnu ìbọn sókè díẹ̀ ju ibi tí ojú ń wò. Ẹ jẹ́ ká mú .308 tí ọta rẹ̀ wúwo tó grain 150 (grain ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìwúwo ọta), tó ń jáde ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2,820 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá tọ́ ojú rẹ̀ sí àárín gẹ́lẹ́ ní yáàdì 100, yóò ti fi bí íǹṣì 4 wálẹ̀ ní yáàdì 200. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ kí ó wà ní íǹṣì 2 lókè ní yáàdì 100, àárín ló máa bọ́ sí ní yáàdì 200, kò sì ní wálẹ̀ ju íǹṣì 8 sí 9 lọ ní yáàdì 300. Láti ẹnu ìbọn títí dé nǹkan bí yáàdì 240, kò ní ga ju íǹṣì 2 lọ, kò sì ní rẹlẹ̀ ju 3 lọ. Ẹ̀dọ̀fóró àgbọ̀nrín gba gbogbo ìyẹn. Ẹ kàn fojú sun àárín rẹ̀, kí ẹ fa ìbọn, láìṣe ìṣirò kankan.

Bí ibi tí ẹ ti ń dọdẹ bá tẹ́jú, tí ẹ ń rí ọ̀nà jíjìn, ẹ lo íǹṣì 2 yẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ igbó dídí, tí ẹran kì í ju yáàdì 80 sí ẹni, àárín gẹ́lẹ́ ní yáàdì 100 ni kí ẹ ṣe. Ẹ má gbé ìbọn yín sókè nítorí ọ̀nà jíjìn tí ẹ kò ní ta sí láéláé. Àlàfo tí ẹ máa ń rí láàárín ewé lè má ju fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ lọ. Níbẹ̀, mo fẹ́ kí ọta lọ sí ibi tí àgbélébùú wà gan-an.

Ẹ má gbára lé iye tí wọ́n kọ sára páálí ọta nìkan o. Ìbọn méjì tí orúkọ wọn bára mu lè má yin ọta kan náà bákan náà. Bí ẹ bá fẹ́ ta ẹran ní yáàdì 200, ẹ gbé bébà lọ sí yáàdì 200 kí ẹ ta á wò.

ÌBÉÈRÈ: Tèmi kò ní awò, ojú irin ló ní. Ọta ń bọ́ sí apá ọ̀tún. Ojú èwo ni kí n sún? — Olùkàwé

ÌDÁHÙN: Ojú ẹ̀yìn máa ń lọ sí ibi tí ẹ fẹ́ kí ọta lọ. Ẹ fẹ́ kí ó padà sí òsì, ẹ sún ojú ẹ̀yìn sí òsì. Bí ó bá rẹlẹ̀, ẹ gbé ojú ẹ̀yìn sókè. Òdìkejì ni ojú iwájú: bí òun lẹ bá máa sún, ọ̀tún tí ọta ń lọ ni kí ẹ sún un sí. Díẹ̀díẹ̀ ni o. Bí ẹ bá ń fi òòlù gbá a, ẹ kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ lè mọ bó ṣe rìn tó.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ọta grain 150 ni mo fi tọ́ ojú ìbọn mi. Mi ò rí i rà mọ́, mo ra 180. Ṣé kò ní ṣe nǹkan kan? — Àbúrò yín

ÌDÁHÙN: Á ṣe é. Ọta tó wúwo jù kì í sáré tó ti tẹ́lẹ̀, ìbọn á sì gbọ̀n lọ́nà mìíràn nígbà tó bá dún, nítorí náà ihò á ṣí kúrò níbi tó wà. Nígbà mìíràn á rẹlẹ̀, nígbà mìíràn á tún lọ sí ẹ̀gbẹ́, èyí tí ènìyàn kì í retí. Kódà 150 ti ilé iṣẹ́ kan lè má bọ́ sí ibi tí 150 ti òmíràn ń bọ́ sí. Padà lọ sídìí àpò iyanrìn pẹ̀lú ọta mẹ́ta nínú tuntun yẹn kí o tó gbé e wọ igbó.

ÌBÉÈRÈ: Ojú ìbọn mi gún dáadáa nígbà tí mo tọ́ ọ. Mo nù ún, mo fi òróró sí i nínú, mo gbé e sínú ọkọ̀ rin ìrìn àjò jíjìn. Nígbà tí mo débẹ̀, ọta àkọ́kọ́ fi íǹṣì 3 yẹ̀. Ṣé ọkọ̀ ló bà á jẹ́ ni? — Arìnrìn-àjò

ÌDÁHÙN: Ó lè jẹ́ ọkọ̀, ṣùgbọ́n òróró ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ọta àkọ́kọ́ láti inú ọ̀pá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, tí òróró ṣì wà nínú rẹ̀, sábà máa ń lọ sí ibi tí àwọn tó kù kò ní lọ. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu inú ọ̀pá títí kò fi sí òróró mọ́, kí ẹ ta méjì dànù sínú ebè amọ̀, kí ọ̀pá tutù, kí ẹ tó ta mẹ́ta sí bébà. Bí wọ́n bá padà sí àárín, òróró ni. Ẹ máa gbé ìbọn wọ igbó láìnù ún lẹ́yìn tí ẹ bá ti yẹ ojú rẹ̀ wò, ẹ ó nù ún nígbà tí ẹ bá padà délé. Bí wọ́n bá ṣì fi íǹṣì 3 yẹ̀, ẹ yẹ súkúrù awò wò. Bí ìyẹn náà bá le dáadáa, ẹ wo bóyá igi ìbọn ti ń fara kan ọ̀pá níbi tí kò fara kàn án tẹ́lẹ̀: ẹ ti bébà pélébé kan sáàárín wọn láti iwájú, kí ẹ fà á lọ sẹ́yìn. Bí ó bá há níbì kan lára ìbọn tí bébà ń gba ibẹ̀ kọjá tẹ́lẹ̀, igi ti wú tàbí kí ó ti lọ́, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ igi ìbọn gbẹ́.